Ṣé Ọjọ́ Kẹrin Ti Pé?

Ó tó nǹkan bí aago méje alẹ́, ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1826, nígbà tí Thomas Jefferson la ojú lórí ibùsùn rẹ̀ ní Monticello, ní ìpínlẹ̀ Virginia, tó sì béèrè bóyá ọjọ́ kẹrin ti pé. Robley Dunglison, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní yunifásítì tí Jefferson fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ló jókòó tì í. Ó ní, "Kò ní pẹ́ pé mọ́, sà." Bàbá ẹni ọdún 83 náà tún dijú.

Ìdí tó fi ń béèrè kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1776 ni àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí Ìkéde Òmìnira ní Philadelphia. Jefferson ló kọ ọ́, ẹni ọdún 33 sì ni nígbà náà. John Adams ará Massachusetts ló dúró gbọn-in lẹ́yìn ìwé náà nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ń tú u wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 56 ló padà fọwọ́ sí i. Nígbà tí àádọ́ta ọdún yóò fi pé, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù láyé nínú wọn: Jefferson, Adams, àti Charles Carroll ti Maryland.

Jefferson kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí òun. Wọ́n ní nígbà tó wà nípò ààrẹ, tí àwọn kan fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i kí wọ́n lè bá a ṣàjọyọ̀, èsì tó fún wọn ni pé ọjọ́ ìbí òmìnira orílẹ̀-èdè nìkan ni òun mọ̀. Ọjọ́ ìbí yẹn ló ń dúró dè ní alẹ́ ọjọ́ kẹta yìí.

Ìtàn ọjọ́ náà ti di àsọtúnsọ ní Amẹ́ríkà, nítorí bí ààrẹ méjì ṣe jáde láyé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ọjọ́ ọ̀hún sì tún jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e láti wákàtí dé wákàtí, nítorí mo gbà pé bí a bá dúró pẹ́ díẹ̀ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, a ó rí àwọn tí àsọtúnsọ náà ń fò dá.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Dunglison fẹ́ fún un ní oògùn tí ó máa ń lò lálẹ́ kó lè sùn. Ó kọ̀ ọ́. Ní aago mọ́kànlá, Nicholas Trist, ọkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ. Jefferson tún sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ọjọ́ kẹrin nìyí?" Ó ṣì ku wákàtí kan. Trist kò lè mú ara rẹ̀ sọ pé kò tíì tó, ó bá dákẹ́. Bàbá náà béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Trist mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó yí ibùsùn ká wá ń wo aago, wọ́n ń gbàdúrà kí ẹ̀mí bàbá má bọ́ kí òru tó pín.

Òru pín, bàbá ṣì ń mí.

Ó yẹ kí n sọ nípa aago ilé náà, nítorí kò sí ilé méjì tó ní irú rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn àbáwọlé Monticello ni aago ńlá kan wà tí Jefferson fúnra rẹ̀ ya bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ojú méjì ló ní. Èyí tó kọjú sínú ilé ń fi wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá hàn. Èyí tó kọjú síta ní ọwọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ wákàtí. Àwọn irin roboto bí ọta ìbọn àgbá ni wọ́n fi okùn so kọ́, àwọn ló ń fa aago náà ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri ni wọ́n ń kọjá lára orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, láti ọjọ́ Àìkú lókè títí dé ìsàlẹ̀. Okùn náà gùn ju ògiri lọ. Wọ́n bá dá ihò sí ilẹ̀ pákó, irin yóò gba ibẹ̀ wọlẹ̀, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ sì ni ọjọ́ Àbámẹ́ta wà. Lórí òrùlé, agogo idẹ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, irú ti àwọn ará Ṣáínà, ń dún ní wákàtí wákàtí kí àwọn tó wà lóko lè gbọ́.

Ẹrú ni àwọn tó wà lóko. Ọwọ́ wákàtí kan ṣoṣo tó kọjú síta ni tiwọn, torí ohun tí wọ́n nílò kò ju pé kí wọ́n mọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Ìṣẹ́jú wà fún àwọn tó wà nínú ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kẹrin oṣù Keje bọ́ sí lọ́dún 1826.

Aago mẹ́rin ìdájí. Jefferson la ojú, ó sì fi ohùn tó já gaara pe àwọn ìránṣẹ́ ilé. Kò tún sọ̀rọ̀ tó já gaara mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹbí rẹ̀ ló pè wọ́n ní ìránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò oko, dúkìá ni wọ́n. Èèyàn tó lé ní 600 ni Jefferson kó lẹ́rú jálẹ̀ ayé rẹ̀, òun tó kọ ọ́ sínú Ìkéde pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo èèyàn. Olórí àwọn ìránṣẹ́ ilé ni Burwell Colbert, ẹni tó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, tó ń bá a palẹ̀ aṣọ mọ́, tó sì mọ ohun tó fẹ́ kó tó la ẹnu. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá Burwell ni Jefferson ti bí àwọn ọmọ lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀: Sally Hemings ni orúkọ obìnrin náà, ọbàkan ìyàwó Jefferson tó kú sì ni. Madison, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, ló sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún ìwé ìròyìn kan ní Ohio lọ́dún 1873. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpìtàn kọ̀ láti gbà á gbọ́, títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi kín ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ní 1998.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí bàbá bá kú, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn? Gbèsè tó wà lọ́rùn Jefferson lé ní dọ́là 107,000. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ta lọ́tírì kí wọ́n lè san díẹ̀ níbẹ̀. Kò sí àgbàlagbà nínú oko náà tí kò mọ̀ pé bí olówó ẹni bá kú sínú gbèsè, ara ẹni ni wọ́n máa fi san án. Nígbà tí ó pè wọ́n ní ìdájí yẹn, mo rò pé ohun tó wà lọ́kàn wọn ju ìbànújẹ́ lọ.

Ní ọ̀nà tó lé ní 500 máìlì sí ibẹ̀, ní ìlú Quincy, ní Massachusetts, ìró ìbọn àgbá àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló kéde ọjọ́ náà. John Adams wà lórí ibùsùn tirẹ̀. Ẹni ọdún 90 ni, èémí rẹ̀ sì ti ń já. Wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ kẹrin ni. Ó ní ọjọ́ ńlá ni, ọjọ́ rere sì ni.

Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, George Whitney, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìlú náà, kó àwọn èèyàn lẹ́yìn wá bá a pé kó fún àwọn ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn yóò kà níbi àsè ọjọ́ kẹrin. Ó fún wọn ní èyí: "Òmìnira títí láé!" Wọ́n béèrè bóyá yóò fi nǹkan kún un. Ó ní kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí asọ̀rọ̀ má sinmi ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà gan-an ti dun Adams rí. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1776 ni ìgbìmọ̀ dìbò pé àwọn ti kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Adams kọ̀wé sí Abigail ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ kejì yìí ni ìran tó ń bọ̀ yóò máa fi ìbọn, agogo àti iná ṣàjọyọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló rí bó ṣe wí, àfi ọjọ́ tó fi ọjọ́ méjì yà. Ìwé Jefferson ni ayé rántí, ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé sì ni wọ́n mú. Jefferson ní tirẹ̀ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru ní ọjọ́ kẹrin yẹn ní Philadelphia, ó ra ìbọ̀wọ́ obìnrin méjìméjì ọ̀nà méje, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ooru jẹ́ 68 lórí ìwọ̀n Fahrenheit ní aago mẹ́fà àárọ̀, 76 ní aago kan ọ̀sán.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n di ọ̀tá, wọ́n tún padà di ọ̀rẹ́. Adams ló jẹ ààrẹ kejì, Jefferson sì ni igbákejì rẹ̀. Nígbà ìdìbò ọdún 1800, Jefferson gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn èébú tí àwọn alátìlẹ́yìn wọn bú ara wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa búra fún Jefferson, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Adams ti wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kúrò ní Washington. Ọdún mọ́kànlá kọjá tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Benjamin Rush, dókítà ará Philadelphia tí òun náà fọwọ́ sí Ìkéde, ló ń pẹ̀tù sí i lọ sí i bọ̀, títí Adams fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1812. Láti ìgbà náà wọ́n kọ lẹ́tà 158 síra wọn, Adams kọ 109, Jefferson 49. Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀sìn, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó ṣolórí, wọ́n ṣọ̀fọ̀ Abigail pọ̀. Ohun kan wà tí wọ́n rọra ń yẹ̀ sílẹ̀: oko ẹrú. Adams kò ra ẹrú rí, ó sì gbà pé ó burú, ṣùgbọ́n ó kọ̀wé sí Jefferson pé ọwọ́ àwọn ará Gúúsù ni òun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sí.

Láàrin Quincy àti Monticello, lẹ́bàá odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York, ẹnì kan wà tí òun náà ti ń ka ọjọ́ bọ̀ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1826. Isabella ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ àwọn Dutch ni wọ́n bí i sí, èdè wọn sì ni èdè tó kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń sunmọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ti di ìyá ọlọ́mọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Dumont ló ni ín. Òfin New York ti ọdún 1817 ti sọ pé gbogbo ẹrú irú tirẹ̀ yóò di òmìnira ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1827. Dumont wá ṣèlérí fún un pé bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tó sì ṣe olóòótọ́, òun yóò fún un ní ìwé òmìnira ní ọdún kan ṣáájú òfin.

Ọdún kan ṣáájú òfin ni ọjọ́ tí Jefferson ń dúró dè yìí gan-an.

Láàrin ọdún yẹn, Isabella fi ọwọ́ pa. Ó ń fi ọwọ́ tó ń dùn ún ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àsìkò tó, Dumont ní kò sí ìwé òmìnira, nítorí ọwọ́ tó fi pa kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pé. Bí ọjọ́ òmìnira ṣe rí fún obìnrin náà nìyẹn, bí ìbọn àgbá ṣe ń dún káàkiri orílẹ̀-èdè.

Aago mẹ́wàá àárọ̀, ní Monticello. Jefferson tẹjú mọ́ Thomas Jefferson Randolph, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́. Randolph kò mọ ohun tó fẹ́. Trist kò mọ̀ ọ́n. Dókítà náà kò mọ̀ ọ́n. Burwell Colbert ló sún mọ́ ibùsùn, tó gbé orí bàbá náà sókè, tó sì tún ìrọ̀rí ṣe sábẹ́ rẹ̀. Ojú bàbá rọ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí jù. Ọmọ, àna àti ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀, ẹrú ló gbọ́ èdè tí kò ní ohùn. Ó lé ní ogójì ọdún tí Burwell ti gbé láyé, kò sì sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀.

Ní aago mọ́kànlá, ètè Jefferson mì. Randolph ti kànrìnkàn tútù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fà á mu díẹ̀.

Ọ̀sán ti ń pọ́n. Ní Washington, John Quincy Adams, ọmọ John Adams, ló wà nípò ààrẹ. Ó ti bá àwọn ológun àti èrò rìn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n ti ka Ìkéde Òmìnira sókè ketekete. Olórí ìlú náà ti ránṣẹ́ pe àwọn ààrẹ àtijọ́ àti Carroll, àmọ́ àgbà kò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn lè wá. Lẹ́tà tí Jefferson fi tọrọ gáfárà ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé Ọlọ́run kò dá ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn kí àwọn díẹ̀ tó wọ bàtà onírin wá máa gùn wọ́n. Lẹ́tà náà dùn, ó jinlẹ̀, mo sì gbà pé tọkàntọkàn ló fi kọ ọ́. Ẹrú ló ń gbé oúnjẹ fún un lórí òkè náà bó ṣe ń kọ ọ́.

James Barbour, akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ ogun, dìde láàrin èrò, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá owó fún Jefferson kí gbèsè má ba gba ilé mọ́ ọn lórí. Àwọn tó jáde wá fọwọ́ sí owó dídá náà kò tó nǹkan. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń tọrọ owó fún kò ní lò ó.

Ní ìgbà ọ̀sán kan náà, ní Lawrenceville lẹ́bàá Pittsburgh, ọmọkùnrin kan dáyé sínú ìdílé Foster. Ìbọn àti ìlù àjọyọ̀ ń dún nítòsí ilé bí ìyá rẹ̀ ṣe ń rọbí. Stephen ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ yìí ló dàgbà di ẹni tó kọ orin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohùn ẹrú tí ń ṣàárò oko ọ̀gá rẹ̀, tí àwọn aláwọ̀ funfun tó fi èédú kun ojú ń kọ lórí ìtàgé. Foster kò gbé Gúúsù rí. Ó kú ní New York lọ́dún 1864 pẹ̀lú sẹ́ńtì 38 nínú àpò owó rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí aago kan lù nígbà tí Jefferson gbẹ́mìí mì. Randolph ló pa ojú rẹ̀ dé.

Láàrin wákàtí kan náà yẹn, ní Quincy, Adams ta jí. Louisa Smith, ọmọ àbúrò Abigail ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tó sọ pé, "Thomas Jefferson ṣì wà láyé." Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn kò já gaara lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Àwọn kan gbà pé ìlara àtijọ́ ló tún yọjú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní Philadelphia, yàtọ̀ sí Carroll, Jefferson nìkan ló kù tí ó lè bá sọ ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn tí yóò yé e. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, ìtùnú ni yóò jẹ́ fún mi pé ẹnì kan ṣì wà tó rántí.

Ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Òjò dé sí Quincy, àrá ń sán. Nígbà kan, Adams rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Ràn mí lọ́wọ́, ọmọ mi." Wọ́n yí i padà díẹ̀díẹ̀ kí ara lè tù ú. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé òjò dá, oòrùn sì là bó ṣe ń lọ. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ó dákẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Monticello, iṣẹ́ kò tíì tán. John Hemmings, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lórí òkè yẹn, àbúrò ìyá Burwell tí òun náà jẹ́ ẹrú, ló kan pósí. Wormley Hughes, tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó, ló gbẹ́ sàréè. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin Jefferson sí ibi ìsìnkú ẹbí. Sára òkúta rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun mẹ́ta tí ó fúnra rẹ̀ yàn: Ìkéde Òmìnira, òfin òmìnira ẹ̀sìn ní Virginia, àti yunifásítì. Kò ní kí wọ́n kọ ipò ààrẹ sí i.

Ìròyìn ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ẹṣin ló ń gbé e. Ọjọ́ kẹfà ni ààrẹ gbọ́ ní Washington pé Jefferson ti kú. Ọjọ́ kẹjọ ni lẹ́tà dé pé ara bàbá rẹ̀ kò yá. Ó gbéra ní ìdájí ọjọ́ kẹsàn-án, ojú ọ̀nà sí Baltimore ni wọ́n ti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó fi ọjọ́ kan ọjọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú rere Ọlọ́run ló hàn gbangba bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn gbogbo gbè é. Ní oṣù Kẹjọ, Daniel Webster dìde ní Faneuil Hall ní Boston, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ikú méjì náà di àmì láti ọ̀run. Nígbà tí James Monroe, ààrẹ karùn-ún, tún kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1831, ìgbàgbọ́ yẹn tún gbilẹ̀ sí i.

Mi ò bá ẹni tó rí ọwọ́ Ọlọ́run níbẹ̀ jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibùsùn méjì péré ni wọ́n wò kí wọ́n tó túmọ̀ àmì náà.

Nígbà tí wọ́n ka ìwé ìhágún Jefferson, èèyàn márùn-ún ló dá sílẹ̀. Burwell Colbert gba òmìnira àti dọ́là 300. Madison àti Eston, ọmọ Sally Hemings, wà níbẹ̀, orúkọ ìyá wọn kò sí. Ó ní kí John Hemmings àti Joe Fossett alágbẹ̀dẹ di òmìnira ní ọdún kan lẹ́yìn ikú òun. Ẹ ká a: ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1827 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1827, nínú òtútù, wọ́n lu èèyàn 130 ní gbàǹjo lórí òkè Monticello, pẹ̀lú àga, ẹṣin àti àgbàdo. Ursula, ìyàwó Wormley tó gbẹ́ sàréè, wà lára wọn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Edith, ìyàwó Joe Fossett, tó kọ́ oúnjẹ àwọn Faransé ní ilé ààrẹ, wà níbẹ̀. Peter ọmọ wọn, ọmọ ọdún 11, olówó mìíràn ló rà á. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Cincinnati, ibẹ̀ ló sì ti di pásítọ̀. Nígbà tí ọjọ́ òmìnira Joe pé, oṣù mẹ́fà ti kọjá tí wọ́n ti pín ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ká.

Isabella kò dúró de ọjọ́ kẹrin mìíràn. Ó ran irun àgùntàn Dumont ní òwú, nǹkan bí 100 pọ́n-ùn, torí ó gbà pé òun jẹ ẹ́ níṣẹ́ díẹ̀ nítorí ọwọ́ tó fi pa. Nígbà tí irun tán, ní ìparí ọdún 1826, ó dìde ní ìdájí kan, ó gbé Sophia ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó di aṣọ díẹ̀ sínú ìdìkù, ó sì rìn jáde, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Dumont. Ilé Isaac àti Maria Van Wagenen ló yà sí. Dumont tọ̀ ọ́ wá síbẹ̀ pé ó sá kúrò lọ́dọ̀ òun. Isabella, ẹni tí ayé padà mọ̀ sí Sojourner Truth, sọ fún un pé sísá kọ́, rírìn ni òun rìn, kò sì ní padà. Van Wagenen, tó ní òun kì í ra èèyàn, san dọ́là 20 fún iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1827, ó sì san dọ́là 5 fún ọmọ náà.